Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú láàbù NIMR tó wà ní Yábàá?

Tí èèyàn bá dárúkọ Yábàá fún ará Èkó, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọjà Tẹ́júoṣó, tàbí Yabatech, tàbí ọsibítù àrùn ọpọlọ. Àìmọye èèyàn ló ń wọ dánfó kọjá lágbègbè Edmund Crescent lójoojúmọ́ tí wọn ò mọ̀ pé láàbù ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ló wà níbẹ̀, NIMR ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó tiẹ̀ mọ orúkọ yẹn, àwọn kan rò pé ọsibítù ni, àwọn míì ní ẹ̀ka NAFDAC ni, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà Corona ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n wá gbà pé torí Corona ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ní Yábàá, abẹ́rẹ́ yellow fever tí gbogbo ayé ń gbà lónìí sì ní gbòǹgbò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti na yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì tó ń fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ yẹn, sí wọn rí ní ẹ́ẹ̀pọ́ọ̀tì ló yẹ kó mọ ìtàn yìí.

Ẹ jẹ́ ká ya àwọn orúkọ yẹn sọ́tọ̀ ná. NAFDAC ló ń yẹ oògùn àti oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ tà fún wa wò, òun ló ń fún wọn ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa ń rí lára páálí. NCDC ló máa ń sáré jáde tí àìsàn bá bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, òun ló ń ka iye ẹni tó kó o tó sì ń kéde ẹ̀. Ọsibítù, ìtọ́jú ni tiẹ̀. NIMR ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwádìí ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní kíníìkì tó ń tọ́jú èèyàn lóòótọ́, màá débẹ̀, ṣùgbọ́n torí ìwádìí náà ni kíníìkì yẹn ṣe wà.

Ibi tó ń rú èèyàn lójú jù ni ọ̀rọ̀ láàbù fúnra ẹ̀. Láàbù tí gbogbo wa mọ̀ ni ti àdúgbò, tí dókítà á kọ ìwé fún ẹ pé lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà àti táífọ́ọ̀dù, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹ, tó bá ṣe díẹ̀ èsì á jáde. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹlòmíì ti wá a rí, ó ti rí i, ó ti kọ bí wọ́n ṣe ń wá a sílẹ̀, tiwọn ni kí wọ́n tẹ̀ lé e. Láàbù ìwádìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ìdáhùn ẹ̀ ni wọ́n ń dojú kọ, ó lè gbà wọ́n ní ọdún púpọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa rí níkẹyìn ni pé ohun tí gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà kì í ṣe òótọ́. Bó ṣe rí ní Yábàá nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú, ìyẹn yellow fever.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa ibà yìí fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, kì í ṣe ẹ̀fọn tó ń fa malaria o, èyí tó dúdú tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ ni, ọ̀sán ló máa ń jẹ èèyàn, inú omi tó mọ́ ló sì ń yé ẹyin sí: táyà tó gba omi òjò, dúrọ́ọ̀mù, agolo, ìkòkò òdòdó. Tó bá mú èèyàn, ara á gbóná, orí á máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn á máa dùn ún, á máa bì. Púpọ̀ nínú àwọn tó mú ni ara wọn á yá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn díẹ̀ ni ibà yẹn á lọ lára wọn bíi pé ó ti tán, tí á tún padà, ojú á pọ́n fòò, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́nu àti nímú, wọ́n á máa bi nǹkan dúdú, nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá dé ibi yẹn ló máa ń kú. Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí kò sí oògùn kankan tó ń pa á nínú ara. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí ojú ẹ̀ bá pọ́n ló ní in, àìsàn ẹ̀dọ̀ máa ń pọ́n ojú, malaria tó le náà máa ń pọ́n ọn, àìsàn kan tí èèyàn ń kó látinú ìtọ̀ eku náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ti eku yẹn sọ́kàn, torí òun ló ṣi gbogbo ayé lọ́nà.

Carlos Finlay, dókítà kan ní Havana ní Cuba, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà yìí. Wọn ò kà á sí. Àfi ìgbà tó di 1900 tí Walter Reed àtàwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà dé Cuba tí wọ́n ṣe ìwádìí ẹ̀ tí ó já sí òótọ́. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pa ẹ̀fọn láwọn ìlú ńláńlá, ibà náà sì ń dín kù, ni Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà bá sọ pé àwọn fẹ́ pa á rẹ́ kúrò láyé pátápátá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nílẹ̀: ṣé òun náà ló ń pa èèyàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àbí nǹkan míì ni? Ní 1920 wọ́n rán ìgbìmọ̀ kan wá wò ó, Gorgas tó jẹ́ olórí ẹ̀, ọ̀gá tó pa ẹ̀fọn run ní Panama nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànáálì ibẹ̀, kú sí London kó tó débí. Nígbà tó di 1925 wọ́n tún rán òmíràn, Henry Beeuwkes ni olórí, Yábàá ní Èkó ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láàbù yẹn nìyẹn.

Ohun tí wọ́n gbé wá látòkè òkun ni ìgbàgbọ́ pé wọ́n ti mọ kòkòrò tó ń fa ibà náà. Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, tí orúkọ ẹ̀ ń dún káàkiri ayé nígbà yẹn, ti lọ sí Guayaquil ní Ecuador ní 1918, ó sì ní òun ti rí kòkòrò náà, ó pè é ní Leptospira icteroides. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fáwọn èèyàn. Àwọn ará Yábàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò yìí lára àwọn aláìsàn, wọ́n wá a nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbà á sára eku ẹmọ́ òyìnbó bí Noguchi ṣe ṣe é, wọn ò rí i. Wọ́n tún wá, wọn ò rí i. Láàbù míì lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ọ̀gá ti rí i kí ni tiwa. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, èyí ló sì wú mi lórí jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ìṣòro tó wà níwájú wọn ni pé wọn ò ní ẹranko tí ibà yìí ń mú. Tí o kò bá lè gbé àìsàn látara èèyàn sára ẹranko, o ò lè dán nǹkan kan wò àfi lára èèyàn, ìyẹn ò sì ṣeé ṣe. Àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ wa ò wúlò fún un, torí ó ti pẹ́ tí ibà náà ti wà nínú igbó wa, ó máa ń wọ ara wọn, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tí Adrian Stokes dé ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ Ireland ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Guy's Hospital ní London, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí àìsàn ìtọ̀ eku yẹn lára àwọn sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tó túmọ̀ sí pé ó mọ Leptospira dáadáa, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Wọ́n wá kó ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní rhesus wọlé, ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà. Íńdíà ò ní ibà pọ́njú rí, ara àwọn ọ̀bọ yẹn ò mọ̀ ọ́n.

Ní 30 June 1927, dókítà kan lára ikọ̀ wọn tó ń jẹ́ Mahaffy fa ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan ní Kpeve, ní Gold Coast tó di Ghana lónìí. Asibi lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ ọdún 28 ni, ibà ń ṣe é ṣùgbọ́n kò le púpọ̀. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún ọ̀bọ rhesus kan. Ọ̀bọ náà kú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ sí òmíràn, ìyẹn náà kú, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó ń ṣàìsàn kí ẹ̀fọn yẹn tó lọ jẹ ọ̀bọ tára ẹ̀ dá, ó mú ìyẹn náà. Asibi ní tiẹ̀ gbádùn, ó yè é. Àwọn tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ nínú láàbù ni àìsàn náà padà pa.

Stokes àtàwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Bauer àti Hudson, wá gbé ìbéèrè ńlá yẹn kalẹ̀: ṣé kòkòrò Noguchi ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí? Wọ́n wò ó lábẹ́ maikrosíkóòpù, kò sí. Wọ́n gbìyànjú láti gbìn ín kó hù, kò hù. Wọ́n wá da ẹ̀jẹ̀ náà sínú asẹ́ kan tí ihò ẹ̀ kéré tóbẹ́ẹ̀ tí bakitéríà ò lè gbà á kọjá. Ẹ rò ó bí ẹni ń sẹ́ ògì: èérí á dúró sókè, èyí tó kúnná á bá omi lọ sísàlẹ̀. Omi tó kán sísàlẹ̀ asẹ́ yẹn ni wọ́n gún fún ọ̀bọ, ọ̀bọ sì ṣàìsàn. Ìyẹn ni pé ohun tó ń pa èèyàn kéré ju bakitéríà lọ, fáírọ́ọ̀sì ni. Wọ́n tún rí nǹkan míì tó ṣe pàtàkì: tí wọ́n bá kọ́kọ́ gún ọ̀bọ ní omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà náà ti mú rí tó sì yè é, ibà náà kì í mú ọ̀bọ yẹn mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣeé ṣe, tí wọ́n bá lè dín agbára fáírọ́ọ̀sì náà kù.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí Noguchi ti ṣì í? Àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní Guayaquil, ó jọ pé àìsàn ìtọ̀ eku ló ń ṣe wọ́n, ojú wọn pọ́n, wọ́n ní yellow fever ni. Kòkòrò tó rí, òótọ́ ni pé ó rí i, kì í ṣe irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn míì ni.

Stokes ò pẹ́ láyé láti jẹ èrè iṣẹ́ ẹ̀. Ibà náà mú un nínú láàbù ní September 1927, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ló kàn án lára. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun fún ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun kí iṣẹ́ má dúró, ó sì ní tí òun bá kú kí wọ́n ṣí òun wò. Èkó ló kú sí, ní 19 September. Noguchi fúnra ẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n rí, ó wọkọ̀ wá sí Accra kó lè fojú ara ẹ̀ rí i, ó ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru níbẹ̀, ibà náà mú un, ó kú ní 21 May 1928. Dókítà Young tó ṣí òkú ẹ̀ wò náà kú láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé láàbù ní ipele ààbò, pé èèyàn gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú kó tó wọlé, irú ikú báyìí ló kọ́ ayé.

Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ tó ní fáírọ́ọ̀sì Asibi lọ sí New York. Níbẹ̀, Max Theiler, ọmọ South Africa tí wọ́n bí sí Pretoria, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin fáírọ́ọ̀sì náà sínú ẹran ara ọmọ eku àti ti ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, láti ìkan bọ́ sí ìkan, ó lé ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ń gbé inú ohun tí kì í ṣe èèyàn tàbí ọ̀bọ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń yí padà kó lè bá ibẹ̀ mu, agbára tó fi ń pa èèyàn á máa lọ. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n gbìn báyìí ṣe ohun tí wọ́n ń wá gan-an: ọ̀bọ tí wọ́n gún un fún ò ṣàìsàn, tí wọ́n bá wá gbé Asibi gidi fún un kò mú un mọ́. 17D ni wọ́n sọ ọ́. Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ gún un fún èrò púpọ̀, ní 1937. Theiler gba Nobel fún un ní 1951. Abẹ́rẹ́ yellow fever tí wọ́n ń gún lónìí, ní Lagos o, ní London, ní São Paulo, ọmọ 17D ni gbogbo ẹ̀, a jẹ́ pé látinú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan láti Kpeve tó gba Yábàá kọjá ló ti wá. Inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ṣì ń ti ṣe é, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń bi yín bóyá ẹyin ń bá yín lára jà. Orúkọ Asibi ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ń pe fáírọ́ọ̀sì náà títí dòní, ó dùn mí pé a kì í kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ yẹn nílé ìwé.

Yábàá ò wá dákẹ́. Nígbà ayé Ogun Àgbáyé Kejì wọ́n tún gbé iṣẹ́ yellow fever dìde níbẹ̀, nígbà tí ibà náà sì bẹ́ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1946 iṣẹ́ ti wà fún wọn láti ṣe nílé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 àwọn ni wọ́n kéde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì Zika lára aláìsàn kan ní apá Ìlà Oòrùn Nàìjíríà, kó tó di pé àwọn míì tún un wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n rí i pé mọ̀lẹ́bí Zika ni, Spondweni ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ibẹ̀ yí padà léraléra: ní 1954 ó bọ́ sábẹ́ ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jọ ní, lẹ́yìn òmìnira oníkálùkù gba tiẹ̀, ní 1972 Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀, ní 1977 ó wá di NIMR.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa ìtàn yìí rèé. Yábàá kan náà yìí ni láàbù ìjọba tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe NIMR, àwa fúnra wa la ń ṣe abẹ́rẹ́ ìgbóná, ti ajá dìgbòlugi àti ti yellow fever níbẹ̀. Ní 1991 wọ́n tì í pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ó ti wà ní títì látìgbà náà. Kí wọ́n tó tì í pàápàá, abẹ́rẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ní 1987 ibà pọ́njú jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láàárín ìlú, ó pa èèyàn gan-an, àádọ́ta ọdún géérégé lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti wà láyé. Láàbù lè rí ìdáhùn kó sì tọ̀nà, tí kò bá sí ẹni tó máa ṣe abẹ́rẹ́ náà tí á gbé e dé abúlé, àwọn èèyàn á ṣì máa kú.

NIMR lónìí ńkọ́? Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, mo máa mú méjì tó kan gbogbo wa. Ìkan ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, TB. Láàbù TB tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí ìjọba yàn pé kí àwọn láàbù yòókù máa gbé ohun tó bá ta kókó lọ. Oríṣi TB kan wà tí oògùn tí wọ́n ń lò fún un tẹ́lẹ̀ ò ràn mọ́, ẹni tó bá ní in á máa lo oògùn á máa rù, á sì máa kó o ran ará ilé. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní GeneXpert tó lè sọ láàárín bíi wákàtí méjì bóyá TB ni àti bóyá rifampicin, ọ̀kan lára oògùn TB tó ṣe pàtàkì jù, á ràn án, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ mọ gbogbo oògùn tó lè ṣiṣẹ́ àfi kí wọ́n gbin kòkòrò náà, ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè jù bẹ́ẹ̀, inú yàrá tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ sẹ́ ẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bàa fà á símú. Nítorí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró de èsì, kì í ṣe pé wọ́n ń fi yín ṣeré.

Ìkejì ni ẹ̀fọn malaria. Wọ́n máa ń kó ẹ̀fọn láti oríṣiríṣi ìlú, wọ́n á kó o sínú ike tí wọ́n fi bébà tó ní oògùn ẹ̀fọn sí fún wákàtí kan, wọ́n á wá wò ó lẹ́yìn wákàtí 24 pé mélòó ló kú. Tí èyí tó kú ò bá tó 90 nínú 100, oògùn yẹn ti ń di ohun tí ẹ̀fọn ń fi ṣe oúnjẹ nìyẹn. Irú ìwádìí báyìí, ní Yábàá àti níbòmíì, ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oògùn tó wà lára àwọ̀n tí wọ́n ń pín tẹ́lẹ̀ ò pa ẹ̀fọn púpọ̀ mọ́ ní apá ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn ló sì fà á tí wọ́n fi ń pín oríṣi àwọ̀n míì tí wọ́n po nǹkan kejì mọ́ oògùn ẹ̀. Kíníìkì HIV tí mo mẹ́nu bà lókè náà wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 2002, àwọn èèyàn ń gba oògùn, àwọn tó ń ṣe ìwádìí sì ń kọ́ bí oògùn náà ṣe ń ṣe sí wa lára. Nígbà Corona ní 2020 wọ́n gba àyẹ̀wò lọ́wọ́ èèyàn láìjẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ẹ̀. Ó yá wọn lọ́wọ́ torí ẹ̀rọ àti àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibà pọ́njú náà ò tíì lọ. Ní September 2017 wọ́n rí i lára ọmọbìnrin kékeré kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn ní Kwara, Institut Pasteur tó wà ní Dakar ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀, torí tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ò tó fún un, fáírọ́ọ̀sì dengue àti Zika jọ ọ́ débi pé wọ́n lè tan tẹ́ẹ̀sì jẹ. Látìgbà yẹn ó ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì ló kù, torí ó ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ yellow fever láyé ẹni. Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń kọ ọ́ sí káàdì pé ọdún 10 ni, ṣùgbọ́n láti 11 July 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti yí i padà pé títí ayé ẹni ni, káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún 10 sí náà ṣì wúlò títí ayé, kò sídìí láti lọ gba òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 tẹ́ ẹ ti gbà á kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò. Ẹni tí ẹyin ń bá lára jà burúkú, ẹni tí agbára ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, àti aláboyún, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Tọmọdé, oṣù kẹsàn-án ni, láti 2004 ni ó ti wà lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní héẹ̀tì sẹ́ńtà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń gún un pẹ̀lú ti measles.